Kí ni safeguarding tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọmọ yín ń sọ? Àlàyé fún àwọn òbí Yorùbá ní Ìlú Ọba

Ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, nígbà tí sáà bọ́ọ̀lù tuntun bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àwọn òbí, wọn a sì ní kí wọ́n buwọ́ lù ú kí ọmọ wọn tó wọ pápá. Ọ̀rọ̀ kan tí a kò lè ṣàì bá pàdé nínú fọ́ọ̀mù náà ni safeguarding. Ọ̀rọ̀ yìí ń da ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá láàmú ní London, ní Manchester àti ní àwọn ìlú mìíràn. Àwọn kan rò pé ọgbọ́n tí ìjọba ń dá láti gba ọmọ lọ́wọ́ òbí ni. Àwọn mìíràn gbà pé bí kóòṣì bá ti ní ìwé DBS lọ́wọ́, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ tí ìjọba ń ṣe fún àwọn tí ó fẹ́ bá ọmọdé ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí, kí àwọn fọkàn balẹ̀. Èrò méjèèjì ni kò tọ̀nà, èkejì ni ó sì léwu jù, nítorí pé ó ń jẹ́ kí òbí sùn ní àsìkò tí ó yẹ kí ojú rẹ̀ là.

Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ gan-an?

Safeguarding ni gbogbo ètò ìdáàbòbò tí ẹgbẹ́ kan ṣe sílẹ̀ kí ibi má bàa bá ọmọ tí ó wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Ẹ fiyè sí i pé ètò àtètèṣe ni. A kò dúró kí nǹkan bàjẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà wíwà tí ó wà nínú ẹgbẹ́ kan kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń fura sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lójú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18, ìyẹn ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 17 tí ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ ṣì wà lára àwọn tí ètò náà wà fún.

Ibi tí a ń sọ yìí pín sí ọ̀nà mẹ́rin: lílu ọmọ tàbí ṣíṣe é léṣe, fífi ìbálòpọ̀ kàn án, fífi ọ̀rọ̀ àti ìwà ba ọkàn rẹ̀ jẹ́, àti pípa ìtọ́jú rẹ̀ tì. Ẹ̀yà kejì ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ní kíá, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń ṣẹlẹ̀ ní gbangba, lójú gbogbo ènìyàn. Kóòṣì tí ó ń pe ọmọ ọdún 9 ní òmùgọ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ba ọkàn ọmọ náà jẹ́. Èyí tí ó ní kí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú máa gbá bọ́ọ̀lù lọ kò ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìwádìí tí Anne Whyte ṣe lórí eré jimnásíìkì ní Britain fi hàn pé wọ́n ń fi sísanra bú àwọn ọmọ, pé wọ́n ń fi omi àti oúnjẹ dù wọ́n, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn mìíràn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èyí ni wọ́n ṣe lórúkọ pé wọ́n ń tọ́ ọmọ sọ́nà àṣeyọrí.

Kí ló fa gbogbo ìlànà yìí?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, Andy Woodward, tí ó ti fìgbà kan rí jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, jáde sí gbangba láti sọ ohun tí kóòṣì rẹ̀, Barry Bennell, ṣe sí i nígbà tí ó wà ní ọmọdé ní ẹgbẹ́ Crewe Alexandra. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn àgbà ọkùnrin mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ilé ẹjọ́ rán Bennell lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 31 lórí ẹ̀sùn 50 tí ó kan ọmọkùnrin 12. Ẹ̀wọ̀n ni ó kú sí ní ọdún 2023.

Ohun tí ó yẹ kí òbí kọ́ nínú ìtàn yìí ni ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà wọlé. Kò fi ipá gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lókìkí pé ó mọ ọmọ tí yóò di ìràwọ̀, ilé rẹ̀ sì kún fún ohun tí ọmọdé fẹ́ràn: ẹ̀rọ ayò, tábìlì pool, àní ọ̀bọ kan tí ó máa ń jókòó lé ọmọ léjìká. Àwọn òbí fúnra wọn ni wọ́n gbà kí ọmọ lọ sùn sí ilé rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí wọ́n rò pé oore ni ó ń ṣe fún wọn. Ẹni tí ó fẹ́ ba ọmọ jẹ́ kì í sábà jẹ́ àjèjì tí ó lúgọ sí ìdí igi. Òbí ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ di ọ̀rẹ́.

Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FA, ní kí agbẹjọ́rò Clive Sheldon ṣèwádìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 2005. Ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2021. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kéré tán, ènìyàn 692 ni wọ́n ti mọ̀ pé ìwà yìí ṣẹlẹ̀ sí nínú bọ́ọ̀lù, àwọn afurasí sì tó 240. Ó tún fi hàn pé àhesọ wà káàkiri nípa àwọn kan lára wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ kò mọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n sọ fún, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n sì dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Àlàfo yìí gan-an ni àwọn ìlànà òde òní ń gbìyànjú láti dí.

Kí ni ìwé DBS ń sọ, kí ni kò sì lè sọ?

DBS ni àjọ ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2012, tí ó ń yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tí ó fẹ́ bá ọmọdé ṣiṣẹ́ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Orúkọ ètò tiwọn ní Scotland ni PVG, ti Northern Ireland sì ni AccessNI. Fún kóòṣì ọmọdé, àyẹ̀wò tí ó jinlẹ̀ jù ni wọ́n máa ń ṣe. Yóò fi hàn bóyá ilé ẹjọ́ ti dá onítọ̀hún lẹ́bi rí, bóyá ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ lọ́wọ́ tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ mọ̀, àti bóyá orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ìjọba ti fòfin dè pé wọn kò gbọdọ̀ bá ọmọdé ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìgba owó, FA sì ń béèrè pé kí wọ́n tún un ṣe ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àjọ dídá wò ó. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé alájọ kan lọ́wọ́, ẹ óò béèrè bóyá ó ti kó owó àwọn ènìyàn sá lọ rí. Bí wọ́n bá ní rárá, ó dára, ṣùgbọ́n kò sí oníṣòwò tí yóò torí ìyẹn sọ káàdì àjọ rẹ̀ nù. Yóò ṣì rí i pé alájọ ń fàmì sí káàdì náà lójú òun ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọlúwàbí ni alájọ. Alájọ tí ó jẹ́ olóòótọ́ pàápàá nílò káàdì yẹn, nítorí òun ni yóò gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá sọ pé owó òun kò pé. Ìwé DBS ni ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn ìlànà tí ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ó máa ń dà bí ìyọnu lójú wa, ni káàdì.

Ohun tí àṣírí rẹ̀ ti tú nìkan ni ìwé náà lè sọ. Ẹni tí ó ti ń ṣe ibi fún ogún ọdún, tí ọwọ́ kò tíì tẹ̀, yóò ní ìwé tí ó mọ́ tónítóní. Bákan náà, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Britain ni DBS ń wò. Kò lè wo ti ọlọ́pàá Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè ní kí bàbá kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, tí ó fẹ́ ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́, lọ gba ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ní ilé. Ẹ jọ̀wọ́, kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ má ṣe rò pé wọ́n ń fojú olè wo òun.

Kí nìdí tí èèwọ̀ fi pọ̀ tó báyìí?

Àwọn èèwọ̀ náà dà bíi pé wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ìdí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní: kí àgbàlagbà kan má ṣe wà ní ibi tí òun àti ọmọ nìkan yóò wà, tí ojú ẹlòmíràn kò ní tó wọn. Nítorí náà, àgbàlagbà méjì, ó kéré tán, ni ó gbọ́dọ̀ wà níbi ìgbaradì. Ìmọ̀ràn NSPCC, àjọ tí ó ti ń jà fún ọmọdé láti ọdún 1884, ni pé kí àgbàlagbà kan wà fún ọmọ 6 tí ó jẹ́ ọdún 4 sí 8, kan fún ọmọ 8 tí ó jẹ́ ọdún 9 sí 12, àti kan fún ọmọ 10 tí ó ti lé ní ọdún 12. Kóòṣì kò gbọdọ̀ bọ́ aṣọ tàbí wẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lo fóònù nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Kò yẹ kí kóòṣì dá gbé ọmọ kan ṣoṣo sínú ọkọ̀ rẹ̀ bí ohun pàjáwìrì kò bá ṣẹlẹ̀, òbí sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i bí ó bá di dandan.

Èyí tí ó kan fóònù ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Òbí ni ó yẹ kí kóòṣì kọ̀wé sí, tàbí kí ó kọ ọ́ sí ibi tí òbí àti àgbàlagbà mìíràn ti lè rí i. Ẹ gbà pé ọmọ ọdún 13 kan gba irú ọ̀rọ̀ yìí lórí WhatsApp ní aago mẹ́wàá alẹ́: «O dára ju àwọn yòókù lọ. Mo ti ra bàtà tuntun kan sílẹ̀ fún ọ. Má tíì sọ fún mọ́mì.» Kò sí ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe kankan níbẹ̀, òbí tí ó bá sì kánjú kà á lè dúpẹ́ pé ẹnìkan fẹ́ràn ọmọ òun. Ṣùgbọ́n gbólóhùn àkọ́kọ́ ń yọ ọmọ kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èkejì ń sọ ọ́ di onígbèsè, ẹ̀kẹta sì ń kọ́ ọ láti fi nǹkan pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fa ọmọ mọ́ra díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Bí kóòṣì tí ó kọ ọ́ kò bá tilẹ̀ ní ète burúkú kankan, ó ti rú òfin ẹgbẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́.

Ní ti fọ́tò tí ẹ bá yà ní pápá, ohun tí ẹgbẹ́ ń bẹ̀rù ni pé kí àwòrán ọmọ kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti orúkọ pápá, bọ́ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ti sá kúrò ní ọ̀dọ̀ òbí tí ó ń lù wọ́n, tí ẹni náà sì ṣì ń wá wọn kiri. Ẹ̀yin kò lè mọ èwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí ó wà nínú fọ́tò yín.

Ṣé ọmọ ọdún 16 lè bá kóòṣì rẹ̀ fẹ́ra?

Rárá. Lóòótọ́, ọdún 16 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ gbà láti ní ìbálòpọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2022, ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ sẹ́wọ̀n ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales kí kóòṣì bá ọmọ ọdún 16 tàbí 17 tí ó ń kọ́ déédéé lò pọ̀, kódà bí ọmọ náà bá sọ pé òun gbà. Òfin kan náà mú àwọn tí ó ń kọ́ ọmọ nínú ẹ̀sìn pẹ̀lú, yálà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí.

Kí nìdí tí fọ́ọ̀mù fi ń béèrè nípa àìlera ọmọ?

Àwọn òbí wa sábà máa ń fi ibí yìí sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, pàápàá bí ọmọ bá ní fọ̀níkúfọ̀ládìde, nítorí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo mọ ohun tí ó ń fa ìbẹ̀rù yẹn, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ kọ ọ́. Òtútù, àìmu omi tó àti eré àsápajúdé lè ta ìrora ńlá sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, òjò àti otútù sì ni ojú ọjọ́ tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì. Kóòṣì tí ó bá mọ̀ yóò jẹ́ kí ó wọ aṣọ tí ó nípọn, yóò jẹ́ kí ó sinmi kí ó sì mu omi, kò ní pè é ní ọ̀lẹ nígbà tí ó bá ní ó ti rẹ òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ó ní asthma àti èyí tí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà. Ẹgbẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa sọ ohun tí ẹ kọ kiri.

Ta ni welfare officer, kí sì ni iṣẹ́ rẹ̀?

Gbogbo ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ọmọdé tí ó wà lábẹ́ FA gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan tí a yàn láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ. Òun ni welfare officer. Ó ti gba ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ náà, ó sì dára kí ó má jẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ kóòṣì, nítorí yóò ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ kóòṣì lọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe adájọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbọ́, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn: ọ̀gá ààbò ọmọ ní ọ́fíìsì FA ti àgbègbè, àwọn òṣìṣẹ́ ọmọdé ní káńsù, tàbí ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ kékeré pàápàá, tí ẹ rò pé kò tó nǹkan, ni kí ẹ sọ fún un. Òbí mẹ́ta lè ti sọ tiwọn ṣáájú yín, tí ó jẹ́ pé tiyín ni yóò jẹ́ kí ó rí bí gbogbo rẹ̀ ṣe so pọ̀.

Bí ọmọ bá sọ nǹkan fún wa, kí ni kí a ṣe?

Ẹ fetí sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ bí ó ṣe mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, «kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?» dára ju «ṣé ó fọwọ́ kàn ọ́ níbí?» lọ. Ẹ má ṣe ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ sọ fún un pé kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Àwọn ohun kan wà tí àṣà wa lè fà wá sí, tí a kò gbọdọ̀ ṣe. A kò gbọdọ̀ lọ bá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ìjà, nítorí yóò pa ohun tí ó wà nínú fóònù rẹ̀ rẹ́ kí ọlọ́pàá tó dé. A kò gbọdọ̀ pe ìpàdé ẹbí tàbí kí a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ pásítọ̀ tàbí ààfáà kí wọ́n bá wa parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. A lè gba àdúrà, ó sì yẹ kí a gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe aáwọ̀ láàárín àgbà méjì tí a lè fi ẹ̀bẹ̀ tán. Ọmọ mìíràn ṣì wà lọ́dọ̀ ọkùnrin náà ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ó máa ń dí ọmọ tiwa lẹ́nu. A ti kọ́ ọ pé àgbà kì í purọ́, pé ọmọ tí ó ní ẹ̀kọ́ kì í dá àgbà lóhùn. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ dára, n kò sì sọ pé kí a fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a fi ẹnu ara wa sọ fún ọmọ, kí ọjọ́ ìṣòro tó dé, pé bí àgbà kan bá ṣe ohun tí ó ń bà á lẹ́rù tàbí tí ó ní kí ó fi pamọ́ fún wa, sísọ ọ́ kì í ṣe àfojúdi. Kí òbí má sì sọ fún kóòṣì pé «bí ó bá ṣe àìgbọràn, ẹ nà án». Òfin FA kò fàyè gba kóòṣì láti na ọmọ, àṣẹ òbí kò sì yí i padà.

Ṣé wọn yóò wá gba ọmọ lọ́wọ́ wa?

Bí ẹ bá fẹjọ́ kóòṣì sùn, ìwà kóòṣì ni wọn yóò yẹ̀ wò. Òṣìṣẹ́ kan wà ní káńsù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bójú tó ẹ̀sùn tí ó kan àwọn tí ó ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́. LADO ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ iṣẹ́ kan ni wọ́n sì ń fún ẹgbẹ́ láti fi ọ̀rọ̀ tó o létí.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ni wọ́n gbọ́, òfin ọdún 1989 lórí ọmọdé ni káńsù ń tẹ̀ lé. Wọ́n lè wá fi ìrànlọ́wọ́ lọ ìdílé, wọ́n sì lè ṣèwádìí bí ìdí bá wà láti gbà pé ewu ńlá ń bẹ fún ọmọ. Káńsù kò lágbára láti kàn gbé ọmọ lọ láìsí ìyọ̀ǹda òbí tàbí àṣẹ ilé ẹjọ́. Ọlọ́pàá nìkan ni ó lè mú ọmọ kúrò nínú ewu ojú ẹsẹ̀ láìkọ́kọ́ lọ sí ilé ẹjọ́, kò sì lè kọjá wákàtí 72.

Bí ẹgbẹ́ kò bá dáhùn ńkọ́?

Ẹ kò nílò ìyọ̀ǹda ẹgbẹ́ kí ẹ tó lọ síwájú. Ẹ lè lọ tààrà sí ọ́fíìsì FA ti àgbègbè yín tàbí sí káńsù. Àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ kan ń kọ lóminú lè pe NSPCC sórí 0808 800 5000. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè pe Childline sórí 0800 1111, ní ọ̀sán tàbí ní òru, lọ́fẹ̀ẹ́, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò tíì lè sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀, 999 ni kí ẹ pè kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni mìíràn, títí kan welfare officer.